Wáìnì àwọn olóríkunkun ilẹ̀ Faransé: èwo ni kí ẹ náwó lé nínú márùn-ún yìí?

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta wáìnì nátúrà, ìyẹn èyí tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ da nǹkan kan sí, ní Paris tàbí London, kí ẹ wo orí pẹpẹ. Ìgò kan ya àwòrán ẹṣin, òmíràn ya ẹni tó wà níhòòhò, òmíràn ò tiẹ̀ kọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é, ó kàn kọ "Vin de France" wẹ́rẹ́ sísàlẹ̀. Ti yúrò 12 wà níbẹ̀, ti 30 wà níbẹ̀, ti ọgọ́rùn-ún mélòó kan náà wà níbẹ̀, ẹni tó ń tà á á sì sọ fún yín pé gbogbo ẹ̀ ló dùn. Irọ́ ni jàre. Àwọn kan dùn, àwọn kan dùn fún ẹni tó ti mọ ohun tó ń wá, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìtàn ẹni tó ṣe é dùn ju ohun tó wà nínú ìgò lọ.

Márùn-ún ni mo máa fi wéra: Gamay (àjàrà pupa kan) ti Beaujolais, pét-nat (wáìnì tó ń hó) ti Loire, wáìnì aláwọ̀ ọsàn ti Alsace, Savagnin (àjàrà funfun kan) ti Jura, àti àwọn tí mò ń pè ní alágídí, ìyẹn àwọn tó bá ìjọba fà á títí wọ́n fi dé kóòtù. Mi ò fi Bordeaux kún un. Àwọn díẹ̀ ń ṣe irú ẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni mo máa rán ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ.

Kí ni wọ́n kọ̀ gan-an?

Ní Faransé, kí ìgò tó lè jẹ́ orúkọ ìlú, bíi Morgon tàbí Arbois tàbí Pouilly-Fumé, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé òfin AOC. Òfin yẹn ló ń sọ irú àjàrà tí wọ́n lè gbìn àti iye tí wọ́n lè ká lórí hẹ́kítà kan, ìgbìmọ̀ á sì tún tọ́ ọtí náà wò bóyá ó jọ ti àwọn ará ibẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lè ra yíìsì alápò láti ilé iṣẹ́, wọ́n lè da ṣúgà sí i níbi tí òtútù ti pọ̀, wọ́n lè sẹ́ ẹ títí á fi mọ́ gaara, kí wọ́n sì wá da sulfite lé e lórí. Gbogbo ìyẹn ni àwọn olóríkunkun yìí ní àwọn ò ṣe. Wọn kì í fi kẹ́míkà pa koríko oko, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká èso, yíìsì tó bá èso wá láti oko ló máa sọ ọ́ di ọtí, bí ẹmu ṣe ń hó fúnra ẹ̀ láìsí ẹni tó bu nǹkan kan sí i.

Sulfite ni ìjà náà dá lé jù. Òun ló ń pa kòkòrò tó lè ba wáìnì jẹ́, òun ló ń jẹ́ kí ìgò wọ ọkọ̀ ojú omi kó rìn jìnnà kó sì dé bó ṣe wà. Òfin Yúróòpù gba 150 mílígíráàmù nínú lítà kan fún pupa tí kò ládùn àti 200 fún funfun, èyí tí wọ́n bá kọ bio sí lára (ìyẹn láti oko tí wọn kì í lo kẹ́míkà ilé iṣẹ́) kò gbọdọ̀ ju 100 àti 150 lọ. Ní 2020 àwọn oní-nátúrà wá gba àmì tiwọn, "Vin Méthode Nature", àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Faransé sì gbà á, níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé àròpọ̀ ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 30. Àmì méjì ló wà, ọ̀kan fún èyí tí kò kọjá 30, èkejì fún èyí tí wọn ò da ẹyọ kan sí, ẹ wò ó lẹ́yìn ìgò kí ẹ tó sanwó. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló gba àmì o, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wọn, ìwé ti sú wọn.

Ẹ jẹ́ n yára sọ èyí náà: ẹni tó bá ní wáìnì nátúrà kì í fa orí fífọ́, ẹ kàn rẹ́rìn-ín sí i. Ọtí ni. 12 tàbí 13 pásẹ́ǹtì ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ dá ìgò kan mu tán, àárọ̀ ọjọ́ kejì á bá yín sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Owó ni àkọ́kọ́. Iye tí mo máa sọ, ohun tó sún mọ́ iye tí wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù ní Faransé ni, ní London àti New York ẹ fi kún un dáadáa, owó orí àti owó ọkọ̀ ló ń gbé e sókè.

Èkejì, ṣé ó ṣeé fọkàn tán? Tí ẹ bá ra mẹ́fà, mélòó ló máa dáa? Èyí ni àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ ká béèrè, òun gan-an sì ni mo kà sí jù, torí wáìnì tí kò ní sulfite lè yí padà nínú ìgò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó lè kan bí ọtí kíkan. Ó lè rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ìyẹn kò tíì burú, ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó máa ń lọ. Ó lè rùn bí ilé ẹṣin, àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ràn ìyẹn níwọ̀nba. Èyí tó burú jù ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní "goût de souris". Ẹ gbóòórùn ife, kò sí nǹkan kan. Ẹ mu ún, èso pupa, ó dùn, ẹ gbé e mì. Ẹ má tíì yìn ín o. Ẹ ka mẹ́wàá, ẹ ka ogún. Ìgbà yẹn ni nǹkan kan máa rọra ti ẹ̀yìn ọ̀nà ọ̀fun bọ̀, òórùn asín tó ti sùn nínú àpò ìrẹsì, á sì jókòó síbẹ̀, omi ò ní lé e lọ. Ìdí tó fi ń pẹ́ kó tó jáde ni pé kíkan tó wà nínú wáìnì ló dè é mọ́lẹ̀, ìgbà tí itọ́ ẹnu bá pò mọ́ ọn tí kíkan yẹn wálẹ̀ ló tó dìde. Àwọn kan wà tí imú wọn ò lè gbọ́ ọ rárá, torí náà tí ọkọ bá ń tutọ́ dànù tí ìyàwó ń mu tiẹ̀ lọ ràì, kò sẹ́ni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀kẹta, ta ló fẹ́ mu ún, kí ni wọ́n fẹ́ fi jẹ? Ẹ̀kẹrin, níbo lẹ máa tọ́jú ẹ̀ sí? Àwọn tó ń ṣe é máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ má jẹ́ kó kọjá bíi dígírì 14, ẹ wá ro ẹni tó fẹ́ kó mẹ́ta sínú àpótí lọ sílé ní Lagos tàbí Cotonou nínú oṣù kẹta.

Ohun tí mi ò fi sínú òṣùwọ̀n ni ìtàn ìjà. Ẹni tó bá ìjọba jà tó sì borí lè ṣe wáìnì tí kò ṣeé mu, ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí lè ṣe èyí tó máa gbà yín lọ́kàn.

Gamay ti Beaujolais: ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ibí ni

Láàárín ọdún 1970 sí 1990, ohun tí gbogbo ayé mọ Beaujolais mọ́ ni Nouveau, èyí tí wọ́n ń tú síta ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù kọkànlá, tí wọ́n ń sáré ṣe, yíìsì alápò, ṣúgà, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àgbàlagbà kan wà ní La Chapelle-de-Guinchay tó ń jẹ́ Jules Chauvet, oníṣòwò wáìnì ni, onímọ̀ kẹ́mísìrì sì ni, ó ti pẹ́ tó ti ń wádìí bí wáìnì ṣe lè dúró láìsí sulfite. Marcel Lapierre tó gba oko bàbá ẹ̀ ní Villié-Morgon ní 1973 pàdé ẹ̀ ní 1981, ó sì yí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ padà. Jean Foillard, Guy Breton àti Jean-Paul Thévenet tẹ̀ lé e, Kermit Lynch tó ń kó wáìnì wọ Amẹ́ríkà ló sọ wọ́n ní Gang of Four, orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ wọn títí dòní. Lapierre kú ní 2010, àwọn ọmọ ẹ̀, Mathieu àti Camille, ló ń bá a lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Odidi ṣírí àjàrà ni wọ́n ń kó sínú àgbá láìtẹ̀ ẹ́, gáàsì máa kún ibẹ̀, ọtí á bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú èso lọ́kọ̀ọ̀kan kí èèpo ẹ̀ tó bẹ́. Ìdí nìyí tí wáìnì náà fi pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í ha ni lẹ́nu, tó ń rùn bí ṣẹ́rì àti rásíbẹ́rì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ẹni tí kò fẹ́ràn wáìnì pupa nítorí pé ó máa ń gbẹ ẹnu, èyí ló máa yí i lọ́kàn padà.

Owó ẹ̀ kò pọ̀ jù. Raisins Gaulois ti ilé Lapierre, tí wọ́n ń pè ní Vin de France, máa ń wà ní bíi yúrò 12 sí 15, Morgon gangan bíi 25 sí 35. Ti ìfọkàntán, òun ló borí nínú márààrún lójú tèmi, àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣe é láìlo sulfite tàbí pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹ̀ láti bí ogójì ọdún, wọ́n ti mọ ibi tí ẹ̀gún wà. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ti Lapierre ni pé èyí tí wọ́n ń kó lọ Amẹ́ríkà máa ń ní lẹ́tà lára, N ni èyí tí wọn ò da sulfite sí, S ni èyí tí wọ́n da díẹ̀ sí. Àwọn tó fẹ́ fi hàn pé àwọn mọ̀ ọ́n á ní N nìkan ló dáa. Ẹ má dá wọn lóhùn. Tí ìgò bá máa wọ ọkọ̀ òfuurufú tàbí tó máa dúró ní yàrá tí kò tutù, S ni kí ẹ mú, ìyàtọ̀ inú ife kò tó nǹkan, ìyàtọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀ pọ̀ gan.

Ẹ fi sínú fíríìjì bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó mu ún. Adìyẹ yíyan, ẹja yíyan, ẹran tí kò sanra jù, ó bá gbogbo ẹ̀ lọ.

Pét-nat: òde àríyá, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń ṣí i

Ṣàmpéènì, wọ́n máa ń ṣe wáìnì tán ná, kí wọ́n tó tún da ṣúgà àti yíìsì sínú ìgò kó lè hó lẹ́ẹ̀kejì. Pét-nat ò ní ẹ̀ẹ̀kejì. Kí ọtí tó parí híhó ni wọ́n ti gbé e sínú ìgò tí wọ́n fi ìdérí bíi ti bíà dé e, ó sì parí iṣẹ́ ẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ ni, ó dàgbà ju ti Ṣàmpéènì lọ, àwọn bíi Christian Chaussard ní agbègbè Loire ló gbé e dìde padà ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 2000, kó tó di pé gbogbo ilé ọtí ní Paris ń tà á. Àjàrà Chenin ni wọ́n ń lò jù níbẹ̀, kò lágbára jù lára, kì í mọ́ gaara nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìgò.

Owó ẹ̀ wà láàárín yúrò 14 sí 22, ìyẹn kéré sí Ṣàmpéènì tó ní láárí. Ìṣòro ẹ̀ ni pé kò sí ìgò méjì tó jọra tán, àní nínú àpótí kan náà, ọ̀kan lè hó dáadáa kí èkejì máà hó mọ́. Àwọn mìíràn á tú jáde bí ẹ bá ṣí wọn, ìdajì á ti wà lórí tábìlì kí ife tó dé. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán nínú fíríìjì láti àná, ẹ ṣí i lórí síńkì, ẹ jẹ́ kí gáàsì rọra jáde díẹ̀díẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó ṣeé gbọ́kàn lé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá Montlouis tó kọ "pétillant originel", òfin tiwọn láti 2007 ni pé wọn ò gbọdọ̀ da ṣúgà tàbí yíìsì kankan sí i. Tí ìyá yín bá wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ nǹkan kíkan rárá, ẹ ra Cerdon láti Bugey, aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni, ó dùn, kò ju bíi 8 pásẹ́ǹtì lọ, ọ̀nà àtijọ́ yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Kì í ṣe gbogbo Cerdon ló jẹ́ nátúrà o, ẹ béèrè.

Wáìnì aláwọ̀ ọsàn ti Alsace

Alsace tí àwọn bàbá wa nínú òwò wáìnì mọ̀, funfun ni, ó mọ́ bí omi, inú ìgò gígùn tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn kan níbẹ̀ wá pinnu pé àwọn á fi èèpo àjàrà funfun sílẹ̀ nínú oje ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe pupa. Ó ń jáde ní àwọ̀ ọsàn tàbí àwọ̀ bàbà, ìgbìmọ̀ AOC lè wò ó kí wọ́n ní kò jọ ti ibí, kí wọ́n sì lé e sí Vin de France. Jean-Pierre Rietsch ní Mittelbergheim, Patrick Meyer ní Nothalten, Christian Binner ní Ammerschwihr, àwọn lẹ wá. Ilé Bannwarth ní Obermorschwihr tiẹ̀ lọ ra ìkòkò amọ̀ ńlá láti Georgia, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn.

Gewürztraminer, irú àjàrà kan níbẹ̀, ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Òórùn rósì àti láíṣì ló máa kọ́kọ́ bá yín pàdé, ẹ ó rò pé ó máa dùn bí ṣúgà, ẹ gbé e sẹ́nu, kò dùn rárá, ó gbẹ, ó ń ha ẹnu díẹ̀ bí tíì tó pẹ́ nínú omi gbígbóná. Ìdí yẹn gan ló fi bá oúnjẹ aláta mu. Funfun tó fẹ́lẹ́ máa ń sọnù lábẹ́ ata, pupa tó le máa ń jẹ́ kí ata jó ni sí i, èyí dúró láàárín. Ọbẹ̀ ata díndín, súyà, oúnjẹ àwọn ará Thailand, mo fọwọ́ sọ̀yà.

Yúrò 18 sí 30. Ìfọkàntán ẹ̀ dáa ju ohun tí ẹ máa rò lọ, torí ohun tó wà nínú èèpo náà ń ràn án lọ́wọ́ láti má bàjẹ́ kíá, ìgò tí ẹ ṣí lónìí lè ṣì dáa lọ́tùn-únla. Kì í ṣe fún gbogbo ènìyàn ṣá. Ẹni tó bá fẹ́ wáìnì funfun tútù tó ń lọ wẹ́rẹ́, ẹ má fi owó ẹ̀ ṣòfò.

Savagnin ti Jura: ẹni tó ti mu púpọ̀ tó ń wá nǹkan míì

Jura kéré, òkè ni, ẹ̀gbẹ́ Switzerland ló wà. Nǹkan kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa ibẹ̀. Arbois ni Louis Pasteur ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti lo wáìnì ṣe ìwádìí ní nǹkan bí 1860 sí 1870, òun ló fi hàn wá pé kòkòrò tí ojú ò rí ló ń ba ọtí jẹ́ àti pé ooru lè pa wọ́n. Ẹ rìn kìlómítà díẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ dé Pupillin, níbi tí Pierre Overnoy ti lo gbogbo iṣẹ́ ayé ẹ̀ láti fi hàn pé èèyàn lè fi àwọn kòkòrò yẹn sílẹ̀ láàyè, láìsí sulfite, kí wáìnì sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Emmanuel Houillon ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2001. Ìda tó wà lórí ìgò wọn lẹ fi máa mọ irú àjàrà tó wà nínú ẹ̀: funfun ni Chardonnay, yẹ́lò ni Savagnin, pupa ni Ploussard.

Savagnin yìí ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò, torí ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà ń ṣe é, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ á rò pé wọ́n ta èyí tó bàjẹ́ fún òun. Ọ̀nà ìbílẹ̀ ni kí wọ́n má kún àgbá mọ́ bí wáìnì ṣe ń dínkù nínú ẹ̀, yíìsì á bò ó lórí bí aṣọ fẹ́lẹ́, abẹ́ aṣọ yẹn ló máa wà. Tó bá ti di vin jaune, òfin ní kò gbọdọ̀ wọ ìgò kó tó pé ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta, ìgò ẹ̀ sì kúrú, 62 sẹ́ńtílítà, wọ́n ń pè é ní clavelin. Òórùn ẹ̀ jẹ́ ti àwúsá gbígbẹ àti kọ́rì, ó kan, ó le, ó sì ń pẹ́ lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ rí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ rọra. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n máa kún àgbá déédéé kí atẹ́gùn má baà wọlé, àwọn ni wọ́n ń kọ "ouillé" sí, ìyẹn mọ́, ó tutù lẹ́nu, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń ní. Ẹ rí i pé níbí, ẹni tó kún àgbá ẹ̀ ni olóríkunkun, ẹni tó fi í sílẹ̀ fún atẹ́gùn ni onílànà! Gbogbo ibòmíràn ní Faransé, òdìkejì ni.

Owó wá ni. Overnoy ti di nǹkan míì, ní ọjà àwọn tó ń tún un tà, ìgò kan ń lọ fún ọgọ́rùn-ún mélòó kan yúrò, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ra á níbẹ̀, torí ẹ ò mọ yàrá tí ó ti gbé láti ìgbà tó ti kúrò ní Pupillin. Wáìnì tí kò ní sulfite tó ti yí ọwọ́ mẹ́rin, tẹ́tẹ́ ni. Ẹ wá ti Stéphane Tissot ní Arbois, ti ilé Bornard ní Pupillin, ti Domaine de la Tournelle, bíi yúrò 25 sí 45 fún Savagnin, vin jaune máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bíi 45 lọ sókè. Owó ń gun síwájú torí òtútù dídì, 2021 pa ìrúwé àjàrà ibẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ò rí nǹkan ká.

Ìfọkàntán ẹ̀ ga, pàápàá vin jaune, atẹ́gùn ti ṣe ohun tó lè ṣe fún un tán. Ẹ lè ṣí i kí ẹ máa bu díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàrà dídì Comté tó ti pẹ́, adìyẹ tí wọ́n fi ìpara wàrà sè pẹ̀lú olú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Àwọn alágídí

Olivier Cousin ní Anjou fi ẹṣin túlẹ̀, ó kúrò nínú AOC, síbẹ̀ ó ń kọ Anjou sí ara àpótí ẹ̀, ó ní AOC tòun ni Anjou Olivier Cousin. Wọ́n gbé e lọ kóòtù, ní 2014 wọ́n dá a lẹ́bi, ìtanràn ẹ̀ ò tó nǹkan. Alexandre Bain tó ń ṣe Pouilly-Fumé, wọ́n gba orúkọ ìlú lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2015, ó pẹjọ́, ó sì gbà á padà ní 2017. Sébastien David ní Saint-Nicolas-de-Bourgueil kò rí bẹ́ẹ̀, ní 2019 wọ́n ní kó da bíi 2,000 ìgò wáìnì 2016 ẹ̀ tó ń jẹ́ Coëf nù, torí àyẹ̀wò kan fi hàn pé kíkan ẹ̀ kọjá òfin. Ní Burgundy, Emmanuel Giboulot kọ̀ láti fín oògùn sí kòkòrò tó ń gbé àrùn àjàrà kiri ní 2013, wọ́n bu owó lé e, kóòtù kejì dá a sílẹ̀ kí 2014 tó parí.

Ìtàn gidi nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ẹjọ́ mẹ́rin yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló dá lé ohun tó wà nínú ìgò. Ti Cousin, ìwé ara àpótí ni. Ti Giboulot, oògùn oko ni. Torí náà kí ẹ má rà á torí kóòtù. Bain ń ṣe Sauvignon (àjàrà funfun kan) tó yàtọ̀ sí ti àwọn aládùúgbò ẹ̀ pátápátá: èso tó pọ́n gan ló ń ká, àwọ̀ ẹ̀ yẹ́lò, ó kún ẹnu, kò sí òórùn koríko tútù tí a mọ Sauvignon mọ́. Ẹni tó bá sọ pé ìyẹn kò jọ Pouilly-Fumé kò ṣìnà, ẹni tó bá sì ní ó dùn ju ọ̀pọ̀ Pouilly-Fumé lọ, èmi náà wà lẹ́yìn ẹ̀. Pur Breton ti ilé Cousin, àjàrà pupa Cabernet Franc ni, ó ń lọ lẹ́nu bí omi èso, ìgò tó bá dáa nínú ẹ̀ máa ń tán kí oúnjẹ tó jinná.

Àmọ́ nínú agbo yìí, ti Loire, ti Ardèche, ti Auvergne, ibẹ̀ ni asín pọ̀ sí jù. Yúrò 15 sí 40, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó máa dá owó padà fún yín àfi tí ṣọ́ọ̀bù bá láájò. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń béèrè ìbéèrè méjì: ìgbà wo ni wọ́n gbé e sínú ìgò, níbo lẹ tọ́jú ẹ̀ sí láti ìgbà yẹn? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, mo máa ń kí i pé ó dàárọ̀. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó rà á. Dive Bouteille, ọjà ìtọ́wò wáìnì ní Saumur ní ìgbà òtútù, inú ihò àpáta ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn tó ṣe wáìnì fúnra wọn ló ń bu ún fún yín, ó tutù bí fíríìjì níbẹ̀ ẹ kó aṣọ dání. Ẹni tó wà ní London lè dúró de RAW Wine, irú ọjà ìtọ́wò kan náà tí Isabelle Legeron dá sílẹ̀ ní 2012.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì mu wáìnì nátúrà rí, tàbí ẹ fẹ́ gbé nǹkan lọ sílé àna yín tí ẹ ò fẹ́ kí ojú tì yín, Gamay ni, Raisins Gaulois tí owó bá kéré, Morgon tó bá wà.

Ọjọ́ ìbí, ìsọmọlórúkọ, èrò tó pọ̀ tí ẹnì kankan ò fẹ́ jókòó máa gbóòórùn ife: pét-nat, ṣùgbọ́n ẹ ra ìgò kan lé ní iye tí ẹ nílò, torí ọ̀kan lè máà dáa. Ìyàwó ilé tàbí ọkọ tó bá fẹ́ràn nǹkan dídùn, Cerdon.

Ẹ̀yin tí ata pọ̀ lọ́bẹ̀ yín, Alsace aláwọ̀ ọsàn, ẹ má wo ẹ̀yìn. Ó tún bá ẹni tó ń dá mu mu, tó ń bu ife kan lálẹ́.

Ẹni tó ti mu wáìnì fún ọdún púpọ̀ tí ohun gbogbo ti ń jọra lẹ́nu ẹ̀, kó lọ sí Jura, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ouillé kó tó kan vin jaune, kó sì gbàgbé Overnoy àfi tí ẹnì kan bá fi ta á lọ́rẹ. Tí ẹ bá sì fẹ́ kó ìgò gba inú ooru lọ sílé, vin jaune ni mo máa fọkàn tán jù nínú gbogbo wọn, Morgon tó ní S ló tẹ̀ lé e, pét-nat ẹ má dán an wò rárá nínú àpótí.

Àwọn alágídí, ti ẹni tó ní owó tó lè sọnù láìdunni ni, tó sì ń gbé nítòsí ṣọ́ọ̀bù tó tutù, tí ọwọ́ ẹni tó ń tà á mọ́. Tí ẹ ò bá ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ nítòsí, ẹ fi owó yẹn ra Morgon méjì.